Àròkọ Tí A Kò Rò

Ẹni tí ó kọ́kọ́ pe iṣẹ́ yìí ní àròkọ mọ ohun tí ó ń sọ. Kò pè é ní àkọsílẹ̀ lásán, bẹ́ẹ̀ ni kò pè é ní àdàkọ. Ó fi rírò ṣíwájú, ó fi kíkọ tẹ̀ lé e. Ohun tí a rò kí a tó kọ ọ́ ni àròkọ. Èyí tí a kọ láìrò ó, bí ó ti wù kí ó dán tó, orúkọ mìíràn ni ó yẹ kí a máa pè é. Ìdí tí mo fi ń tún ohun tí gbogbo wa mọ̀ yìí sọ ni pé, láti ọdún mélòó kan wá, àwọn ọmọ tí a ń kọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú iṣẹ́ wá fún wa tí rírò kò sí nínú rẹ̀, àwa olùkọ́ sì ń fún wọn ní máàkì lórí rẹ̀. Ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò níwájú ẹ̀yin òǹkàwé ìwé àtìgbàdégbà yìí nìyẹn, n kò sì ní fi apá kan rẹ̀ pa mọ́.

Ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Apòmù tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá, mo ní kí wọ́n lọ kọ àròkọ wá lórí ‘Ọjà Ìlú Mi’. Mo rò pé iṣẹ́ tí ó rọrùn ni mo fún wọn. Èwo ni ọmọ Apòmù tí kò tíì bá ìyá rẹ̀ ru ẹrù lọ sí ọjà rí? Nígbà tí wọ́n kó ìwé dé, mẹ́rin nínú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ bákan náà, wọ́n sì parí bákan náà: ọjà jẹ́ ibi pàtàkì tí ó ń kó ipa ribiribi nínú ìgbésí ayé àwọn ènìyàn. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí a kò lè yọ orúkọ Apòmù kúrò nínú rẹ̀ kí a fi Kánò tàbí Lọ́ńdọ̀nù rọ́pò, láìba nǹkan kan jẹ́. Kò sí ìyá aláte kankan níbẹ̀, kò sí òórùn, kò sí ariwo, kò sí gbèsè, kò sí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. Mo pe ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, mo ní kí ó sọ ohun tí ‘ipa ribiribi’ tí ó kọ túmọ̀ sí fún mi. Ó wolẹ̀. Ó ní, ‘Ẹ má bínú, sà. Fóònù ni ó kọ ọ́, ṣùgbọ́n èmi ni mo bi í léèrè.’

Gbólóhùn yẹn ni ó mú mi gbé kálámù. Ọmọ náà kò purọ́ fún mi, kò sì sí olè kankan nínú ohun tí ó ṣe lójú ara rẹ̀. Ó gbà tọkàntọkàn pé ẹni tí ó béèrè ọ̀rọ̀ ti di ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀. Ìgbàgbọ́ yìí ni mo ń bá jà, kì í ṣe ọmọ náà.

Kí ni ẹ̀rọ náà gan-an? Ọgbọ́n àtọwọ́dá ni a ń pè é. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2022 ni ilé iṣẹ́ OpenAI ní Amẹ́ríkà gbé èyí tí ó ń jẹ́ ChatGPT jáde fún aráyé, irú rẹ̀ mìíràn sì ti pọ̀ lọ jàra láti ìgbà náà. Wọ́n kó àìmọye ọ̀rọ̀ tí ọmọ ènìyàn ti kọ sílẹ̀ fún un, ó sì fi ìṣirò kọ́ irú ọ̀rọ̀ tí ó sábà máa ń tẹ̀ lé irú ọ̀rọ̀ wo. Bí a bá bi í ní ìbéèrè, ọ̀rọ̀ tí ó ṣeé ṣe jù kí ó tẹ̀ lé ara wọn ni ó ń tò, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Nítorí náà, ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ti pọ̀ jù lórí rẹ̀ ni ó máa ń gbà, àfi bí ẹni tí ń lò ó bá mọ ọ̀nà mìíràn tí ó lè fi hàn án. Ọmọ tí kò tíì ronú kan ọjà ìlú rẹ̀ kò ní ọ̀nà mìíràn tí yóò fi han ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọjà Apòmù kan náà lọ́wọ́ ẹni tí ó rò kí ó tó kọ. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ, a kà á pé ọjà Apòmù ni àwọn ará Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé láti rà àti láti tà. Pé jíjí ènìyàn gbé tà níbẹ̀ dá wàhálà ńlá sílẹ̀. Àti pé aáwọ̀ lórí ataare ní ọjà yìí wà lára ohun tí ó fa ogun Òwu ní nǹkan bí ọdún 1821, ogun tí ó pa Òwu run. Ataare! Ohun tí ó kéré tó báyìí ni òǹkọ̀wé yẹn kò fojú fò dá, nítorí pé ó bi àwọn àgbà léèrè, ó sì wọn ọ̀rọ̀ wọn wò. Ó parí iṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1897. Ìwé náà sọnù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun fúnra rẹ̀ kú ní ọdún 1901 láìrí i ní títẹ̀. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó tún ìwé náà kọ láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1921. Ìwé sọnù, ṣùgbọ́n ipa ẹsẹ̀ ìrònú wà nílẹ̀ tí ẹlòmíràn lè tọ̀. Bí àròkọ àwọn ọmọ mi mẹ́rin bá sọnù lọ́la, kí ni a ó fi tún un kọ? Kò sí ohun tí ó wà nílẹ̀ ju ìbéèrè kan ṣoṣo tí wọ́n bi fóònù lọ.

Mo mọ èsì tí àwọn kan ti ń pèsè sílẹ̀ fún mi. Wọ́n ní kò sí ẹ̀rọ tuntun kan tí ó dé tí àgbà kò bú. Wọ́n ní nígbà tí ẹ̀rọ ìṣirò dé, a pariwo pé ìmọ̀ ìṣirò ti kú, síbẹ̀ kò kú. Wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà, àti pé ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Òwe wọn dára; ibi tí wọ́n pa á sí ni kò dára. Ẹ̀rọ ìṣirò kì í sọ fún ọmọ pé àròpọ̀ ni kí ó ṣe tàbí ìyọkúrò. Ẹni tí ń lò ó ní láti ti mọ ohun tí ó ń wá. Èyí tí ó dé yìí ni ó ń yan ohun tí a ó sọ, òun ni ó ń to ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀, òun náà ni ó sì ń dá ẹjọ́ ní ìparí. Bí ó bá sì kan ti ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n, ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ní olówó. A lè lọ bá a nílé kí a ní, ‘Bàbá, ẹ wí báyìí lánàá, kí ni ẹ rí tí ẹ fi wí bẹ́ẹ̀?’ Yóò fi orúkọ ara rẹ̀ dúró ti ọ̀rọ̀ rẹ̀, tàbí kí ó gbà pé òun ṣìṣe. Ta ni ó ń fi orúkọ dúró ti ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ?

Àwọn mìíràn yóò bi mí pé, ṣé àwọn ìyá wa kò rí ẹni bá wọn kọ lẹ́tà nígbà tí wọn kò mọ̀wé? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé ìyá mi àgbà ni ó kọ́ mi ní èsì rẹ̀. Obì ni ó ń tà ní Apòmù. Kò mọ ‘A’ nínú ìwé. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wà ní Gánà kí ìjọba ibẹ̀ tó lé àwọn àjèjì ní ọdún 1969. Bí ó bá fẹ́ kọ lẹ́tà sí i, ó máa ń lọ bá akọ̀wé kan tí ó ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọjà, yóò san owó, yóò sì sọ tẹnu rẹ̀. Mo máa ń tẹ̀ lé e lọ. Nígbà tí akọ̀wé bá kọ ọ́ tán, ìyá kì í gbà á bẹ́ẹ̀. Yóò ní, ‘Kà á fún mi kí n gbọ́.’ Níbi tí akọ̀wé bá ti fi ọ̀rọ̀ ilé ìwé dárà, yóò dá a dúró: ‘Ohun tí mo wí kọ́ nìyẹn. Mo ní kí o sọ fún un pé ilé ń jò. N kò ní kí o kí i ní ọ̀nà ogún.’ Akọ̀wé yóò fa igi lé e, yóò sì tún un kọ.

Ọwọ́ ni ìyá mi àgbà yá lọ́dọ̀ akọ̀wé; kò yá orí. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí mo ń wí mọ̀ ọ́n kọ, ó sì mọ̀ ọ́n kà, ṣùgbọ́n kò lè sọ fún ẹ̀rọ pé ‘ohun tí mo wí kọ́ nìyẹn’, nítorí pé kò tíì wí nǹkan kan. Nínú àwọn méjèèjì, ta ni púrúǹtù?

Kì í ṣe ìyá mi àgbà nìkan ni ẹlẹ́rìí mi. Ní ọdún 2025, àwọn olùwádìí kan ní MIT ní Amẹ́ríkà gbé iṣẹ́ kan jáde lórí ènìyàn 54 tí wọ́n pín sí ọ̀nà mẹ́ta: àwọn kan fi ẹ̀rọ yìí kọ àròkọ, àwọn kan wá ọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó kọ tiwọn, àwọn kan sì fi orí ara wọn nìkan kọ ọ́. Ní ìjókòó àkọ́kọ́, nínú àwọn 18 tí ó lo ẹ̀rọ, 15 ni kò lè sọ gbólóhùn kan bí ó ti wà gan-an nínú àròkọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀. Ènìyàn 54 kò pọ̀, àwọn onímọ̀ ẹgbẹ́ wọn kò sì tíì yẹ iṣẹ́ náà wò nígbà tí ó jáde, nítorí náà n kò ní gbé gbogbo ẹrù mi lé e. Ṣùgbọ́n ní orílẹ̀-èdè Tọ́kì, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ni a dán wò nínú ẹ̀kọ́ ìṣirò. Àwọn tí a fún ní ẹ̀rọ láìsí ìkáwọ́ fi ìdá 48 nínú ọgọ́rùn-ún ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ nígbà tí ó wà lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí a gbà á lọ́wọ́ wọn tí ìdánwò dé, wọ́n fi ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀yìn sí àwọn tí a kò fún ní ẹ̀rọ rárá. Ọmọ tí a pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn; ọjọ́ tí a bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò sọ fún un.

Ẹni tí ó bá ń rojọ́ gbọ́dọ̀ sọ ti ẹnìkejì pẹ̀lú. Ìwádìí Tọ́kì yẹn kan náà fi hàn pé nígbà tí a tún ẹ̀rọ náà ṣe kí ó máa ta ọmọ lólobó láìsọ èsì fún un, ìpalára náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́. Nílé wa níbí pẹ̀lú, ní ìlú Benin ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó, Báńkì Àgbáyé ṣe ètò ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kan ní ọdún 2024: àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ń lo ẹ̀rọ yìí lẹ́yìn tí ilé ẹ̀kọ́ bá parí, olùkọ́ sì ń dúró tì wọ́n. Ìmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọn ga ju ti àwọn tí kò sí nínú ètò náà lọ. Nítorí náà, n kò sọ pé kí a sọ fóònù sí odò Ọ̀ṣun. Ohun tí ẹ̀rí wọ̀nyí ń wí ni pé, níbi tí olùkọ́ bá wà tí ọmọ sì ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ a di ọ̀pá ìtilẹ̀. Níbi tí olùkọ́ kò bá sí, a di ẹ̀yìn tí a fi ń pọ̀n ọmọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yóò ti ta àwa fúnra wa lára ni mo dé yìí. Kì í ṣe ẹ̀rọ ni ó kọ́kọ́ kọ́ àwọn ọmọ wa láti kọ̀wé láìrò. Àwa ni. Kí ọdún 2022 tó dé, ìwé àpẹẹrẹ àròkọ ni a ń tà fún wọn, tí a ní kí wọ́n há a sórí. Ọmọ tí ó bá kọ ohun tí a kọ sójú pátákó láìyí ohùn padà ni a ń pàtẹ́wọ́ fún. Èyí tí ó bá fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ kọ ọ́ ni a ń fi gègé pupa lé kiri ojú ìwé. Ẹ̀rọ dé, ó bá àwọn ọmọ tí a ti kọ́ ní ìwà ẹ̀rọ.

Ìdí pàtàkì kan ni pé a ní kí ọmọ fi èdè tí kò lè fi jà ronú. Ní ọdún 1970, ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's ‘A’ ní Modákẹ́kẹ́, tí kò jìnnà sí Ìkirè àti Apòmù, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan. Nígbà tí wọ́n wọn àbájáde rẹ̀, àwọn ọmọ wọ̀nyí ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ, nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Kí ni a fi ẹ̀kọ́ yẹn ṣe? Ọdún 2022 kí ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ tó fọwọ́ sí ètò pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ni, ọjọ́ tí ChatGPT jáde gan-an. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, Dókítà Túnjí Alausa, kéde pé a ti fagi lé ètò náà, pé èsì ìdánwò kò dára níbi tí a ti ń fi èdè abínibí kọ́ni. Nínú ohun méjì tí a bí ní ọjọ́ kan náà, ọ̀kan kú ní ọmọ ọdún mẹ́ta, èkejì sì wà nínú àpò àwọn ọmọ wa. Ọmọ tí a kò jẹ́ kí ó ronú ní èdè ìyá rẹ̀, tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò sì tíì gbó, báwo ni kò ṣe ní wá agbẹnusọ?

Kí ẹnikẹ́ni nínú wa má sì rò pé Yorùbá yóò jẹ́ odi fún wa. Ẹ̀rọ ń kọ Yorùbá. Ṣùgbọ́n ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí ó fi kọ́gbọ́n pọ̀ ju ti Yorùbá lọ lọ́nà tí kò ṣeé fẹnu sọ, nítorí náà Gẹ̀ẹ́sì tí ó wọ agbádá ni ó sábà máa ń sọ. Ó lè fi igbá síbi ìgbà, kí ó fi igba síbi igbá, kí ó má sì mọ̀ pé òun ti da ọjà rú. Àgbà tí ó gbọ́ èdè yóò rẹ́rìn-ín. Ọmọ tí kò gbọ́ ọ yóò gbà á gẹ́gẹ́ bí Yorùbá, yóò kọ ọ́ sínú ìwé, ìwé náà yóò sì tún di oúnjẹ fún ẹ̀rọ mìíràn. Bí ọ̀rọ̀ bá ń yí po báyìí, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí a ó ní ìwé Yorùbá jaburata tí kò sí Yorùbá kankan tí ó rò ó.

Kí ni ṣíṣe? Mo fẹ́ kí a lọ kọ́ ọgbọ́n lọ́dọ̀ àwọn obìnrin Ìkirè. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ti pọ́n kọjá ààlà, tí èèpo rẹ̀ ti dúdú, tí ẹlòmíràn yóò kó dànù sí ààtàn, ni wọ́n ń fi iyọ̀ àti ata sí, tí wọ́n ń gún, tí wọ́n ń fi epo pupa dín, tí a wá ń pè ní dódò Ìkirè. Àkọ́kọ́kọ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ náà kì í lẹ́wà. Ó máa ń wọ́, ó máa ń dúdú lójú. Ojú ń ti ọmọ nítorí rẹ̀, ó sì ń sọ ọ́ nù kí ó lè mú èyí tí ó dán wá fún wa. Àwa ni ó yẹ kí a sọ fún un pé inú èyí tí ó wọ́ yẹn ni oúnjẹ wà.

Nítorí náà, mo ń bẹ ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ àwọn olùkọ́ ọ̀la ní ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní Ìkirè àti níbòmíràn: ẹ jẹ́ kí àkọ́kọ́kọ jẹ́ ti ọwọ́, nínú kíláàsì, lójú wa. Ẹ jẹ́ kí ọmọ dìde dúró, kí ó fi ẹnu rò ohun tí ó fi ọwọ́ kọ, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì bi í ní ìbéèrè. Ẹ jẹ́ kí a máa fún wọn ní iṣẹ́ tí yóò mú wọn lọ bá ìyá wọn, bàbá wọn àti àwọn aládùúgbò wọn. Ẹ jẹ́ kí a máa fún òótọ́ tí ó wọ́ ní máàkì ju ọ̀rọ̀ dídán tí kò ní olówó lọ. Lẹ́yìn gbogbo èyí, bí ọmọ bá fẹ́ kí ẹ̀rọ yẹ iṣẹ́ òun wò, kò burú, nítorí pé nígbà náà yóò lè sọ fún un pé, ‘Ohun tí mo wí kọ́ nìyẹn.’

Mo dá iṣẹ́ ọmọ yẹn padà fún un, mo ní kí ó jókòó níwájú mi kí ó tún un kọ. Ó pẹ́ kí ó tó kọ ojú ìwé kan. Àmì ohùn rẹ̀ kò pé, ìlà rẹ̀ wọ́. Ṣùgbọ́n mo bá gbólóhùn kan níbẹ̀: ‘Kóńgò méjì ni ìyá mi ní, ọ̀kan fún oníbàárà, ọ̀kan fún àlejò.’ Ó wò mí lójú nígbà tí mo kà á débẹ̀, ó bi mí pé, ‘Sà, ṣé kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?’ Mo sọ fún un pé òun ni ó ni àròkọ, kí òun fúnra rẹ̀ rò ó. Ó rò ó títí agogo fi lù. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọjà nìyí, ẹ̀yin àgbà, ọmọ sì wà lẹ́yìn.